Mò ń ka Sáàmù 91 lálaalẹ́, ṣọ́ọ̀bù mi ṣì jó. Kí la fẹ́ pe èyí?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Aṣọ ni mò ń tà, àǹkárá àti léèsì, inú ọjà ńlá kan ní Ọ̀ṣun níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Lóru ọjọ́ Àìkú tó kọjá iná sọ nínú ọjà yẹn, kílẹ̀ tó mọ́ ìlà tiwa ti jó tán, ọ̀pá aṣọ kan ò ṣẹ́kù. Owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni mo yá tí mo fi kó ọjà ọdún Àjíǹde. Ṣùgbọ́n aṣọ kọ́ ló ń dùn mí jù. Alaalẹ́ ni èmi àtàwọn ọmọ mi ń ka Sáàmù 91, mo ta òróró àdúrà sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn, mi ò jẹ ìdámẹ́wàá rí. Ìyá kan tó kọjú sí mi nínú ọjà, tí kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í lọ mọ́ṣáláṣí, iná ò débẹ̀. Nígbà táwọn ará ìjọ wa wá kí mi, ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní kí n lọ yẹ ara mi wò, pé ibì kan wà tí mo ti ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá. Ṣé irọ́ ni Sáàmù yẹn ń pa ni àbí èmi ni mo lálèébù? Ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí o, òótọ́ ni mo fẹ́ gbọ́.

———

Ẹ kú àdánù o, arábìnrin. Ọlọ́run á dá a padà, a ò ní rírú ẹ̀ mọ́. Mi ò tíì ka ohun táwọn tó kù kọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ẹni tó ní kí ẹ lọ yẹ ara yín wò yẹn jà ná, torí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ló ń ta mí lára jù.

Irú ẹjọ́ yìí gan-an ni wọ́n gbé wá bá Jésù nínú Lúùkù orí 13. Pílátù ti pa àwọn ará Gálílì kan níbi tí wọ́n ti ń rúbọ, àwọn èèyàn wá ń ròyìn ẹ̀ fún un, ó sì jọ pé wọ́n ń retí kó ní ẹ̀ṣẹ̀ wọn ló pọ̀ lápọ̀jù. Ó ní rárá. Òun fúnra ẹ̀ ló tún wá fa ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn 18 kan yọ, tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó lù tó sì pa wọ́n, ó ní ṣé ẹ rò pé àwọn yẹn lẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn ju gbogbo ará Jerúsálẹ́mù lọ ni? Ó tún ní rárá. Àwọn tó wá ròyìn ló wá kọjú sí, pé káwọn gan-an ronú pìwà dà. Ẹ ṣáà rí ibi tó darí ọ̀rọ̀ sí. Ẹni tó wá kí yín yẹn ni kó lọ yẹ ara ẹ̀ wò.

Ẹ tún wo àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù. Ọjọ́ méje gbáko ni wọ́n fi bá a jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ẹnì kankan nínú wọn ò sọ̀rọ̀, ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa jù nínú ìwé yẹn nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè. Nígbà tó fi máa dé orí 42, Ọlọ́run sọ fún Élífásì pé inú òun ru sí i àti sí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjèèjì torí wọn ò sọ òtítọ́ nípa òun bí Jóòbù ti sọ ọ́. Jóòbù tó fi ọjọ́ ìbí ẹ̀ bú o, tó ní kí Ọlọ́run wá jókòó káwọn jọ rojọ́, òun ni wọ́n ní ó sọ òótọ́. Torí náà, ìbéèrè tí ẹ bi wá yìí, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú ẹ̀. Ẹ bi í dáadáa.

———

Mo ti wá ka èsì yín tán báyìí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ pọ̀.

Àwọn tó pọ̀ jù nínú yín ní ọwọ́ ayé ni, àfi kí arábìnrin yìí gbàdúrà padà-sọ́dọ̀-ẹni-tó-rán-ọ. Arákùnrin kan ní ìdámẹ́wàá yẹn lè má pé, pé ṣé lórí èrè lẹ ti ń yọ ọ́ ni àbí lórí gbogbo owó tó wọlé (ẹ dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé Ọlọ́run Olódùmarè gbé kalikulétọ̀ dání dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà lóru ọjọ́ yẹn, ó ń ṣírò kó tó mọ ṣọ́ọ̀bù tóun máa jẹ́ kó jó). Àwọn kan kàn kọ "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n", wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá ní kí gbogbo wa fi Ọlọ́run sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí jàre, pé wáyà iná ló fà á, pé kò sí ọjà kan tí èèyàn wọ̀ lónìí tí kò ní rí i pé orí òpó kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù ogún ti ń fa iná, jẹnẹrétọ̀ wà níwájú, pẹtiróòlù inú kẹ́ẹ̀gì wà lábẹ́ tábìlì.

Èmi gba ti wáyà gbọ́. Ibi tó ti ní ká fi Ọlọ́run sílẹ̀ ni mi ò bá a lọ. Iṣẹ́ dẹ́rẹ́bà ni mo fi tọ́mọ, Ìbàdàn sí Ìlọrin, kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹni tó bá sì mọ ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ á mọ̀ pé èèyàn ò lè wakọ̀ níbẹ̀ kó má mọ àdúrà gbà. Ní gáréèjì, kí ọkọ̀ tó ṣí, oníwàásù kan á wọlé, á ní ká dijú, á fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo táyà, á fi bo ẹ́ńjìnnì, á fi bo dẹ́rẹ́bà, gbogbo èrò á ṣe àmín, wọ́n á dá owó fún un, á sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú èrò tó máa bẹ̀rẹ̀ wo táyà yẹn bóyá ó ti pá. Kò sẹ́ni tó máa gbóòórùn paraga lẹ́nu dẹ́rẹ́bà tó máa ní "bọ̀ọ̀dá, mi ò lọ mọ́, ẹ fún mi lówó mi". Wọ́n ti ṣe àmín, ó ti parí! Èmi mọ àwọn tó ṣe àmín tí wọn ò délé.

Ẹ lọ wo Nehemáyà 4 ẹsẹ 9. Àwọn ọ̀tá ń bọ̀ wá ba odi jẹ́, ó ní àwọn gbàdúrà sí Ọlọ́run àwọn, àwọn sì yan ẹ̀ṣọ́ tì wọ́n tọ̀sán-tòru. Nínú ẹsẹ kan náà ló ti sọ méjèèjì, kò sì rò ó pé èkejì ń já èkíní nírọ́.

Ẹnì kan ti ń múra láti fi Ẹ́sírà dá mi lóhùn, mo mọ̀. Lóòótọ́, Ẹ́sírà 8 ẹsẹ 22, ojú ti Ẹ́sírà láti tọrọ ọmọ ogun lọ́wọ́ ọba torí ó ti sọ fún ọba pé ọwọ́ Ọlọ́run wà lára àwọn tó ń wá a, ló bá gbààwẹ̀, ó lọ láìsí sójà, ó sì dé láyọ̀. Ṣùgbọ́n Nehemáyà náà rìnrìn àjò lọ sí Jerúsálẹ́mù lẹ́yìn ẹ̀, ó sì kó balógun àti ẹlẹ́ṣin ọba dání, orí 2 ẹsẹ 9. Ìkan ò sọ pé èkejì ò nígbàgbọ́. Àwa la máa ń sọ ọ́ fún ara wa.

———

Ọ̀rọ̀ Sáàmù yẹn fúnra ẹ̀ wá ńkọ́, torí òun lẹ béèrè, mo sì ti ń lọ gáréèjì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kò sí ibi tó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń ka Sáàmù 91, ṣé ẹ mọ ẹni tó lò ó bẹ́ẹ̀ nínú Bíbélì? Èṣù ni. Mátíù 4, ó gbé Jésù lọ sórí téńpìlì, ó ní bẹ́ sílẹ̀, wọ́n á pàṣẹ fáwọn áńgẹ́lì nítorí rẹ, wọ́n á gbé ọ sọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ inú Sáàmù 91 gan-an nìyẹn. Jésù ò ní irọ́ ni ẹsẹ yẹn, ohun tó ní ni pé èèyàn ò gbọdọ̀ dán Olúwa wò. Kò sì bẹ́.

Èkejì, ẹ̀yin ará, a máa ń sáré ka ẹsẹ 7, ẹgbẹ̀rún yóò ṣubú, a sì máa ń pariwo ẹ̀. Tá a bá wá dé ẹsẹ 15, oorun á ti gbé wa lọ. Ẹsẹ 15 ni Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, ó ní "èmi ó pẹ̀lú rẹ̀ nínú ìpọ́njú". Tí ẹni yẹn ò bá ní í rí ìpọ́njú rárá, kí ni wọ́n fẹ́ lọ pẹ̀lú ẹ̀ ṣe níbẹ̀? Inú Sáàmù yẹn náà ni ìpọ́njú wà, kì í ṣe pé àwa alájàngbọ́n la kó o wọ̀ ọ́.

Ti ìyá tí iná ò jó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, Ásáfù ti bínú irú ẹ̀ kí wọ́n tó bí baba ńlá wa, Sáàmù 73 ni. Ó rí àwọn tí ò bìkítà fún Ọlọ́run, ara wọn le, owó ń wọlé, ó ní asán lòun fọ ọwọ́ òun mọ́. Wọ́n ò yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má bá ìyá yẹn ṣọ̀tá o. Kì í ṣe òun ló dáná.

———

Arábìnrin kan kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, ó dáa, ṣé ká wá pa ẹnu mọ́, ká má jẹ́rìí mọ́, torí ẹ̀rí ló ń gbé ìgbàgbọ́ ẹlòmíì ró?

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ọ̀rọ̀ sì wà nínú mi lórí ẹ̀. Ìjàǹbá ọkọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní ojú ọ̀nà yẹn, kì í ṣe ọkọ̀ tèmi. Arákùnrin kan nínú ìjọ wa wà nínú ẹ̀, òun àti kọ̀ńdọ́ ló jáde láàyè. Ní ọjọ́ Àìkú ó dìde láti jẹ́rìí, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni, bó bá jẹ́ èmi náà màá dìde. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́ ló burú. Ó ń ka òkú, ó ń júwe bí wọ́n ṣe nà sílẹ̀, ó ní àwọn tó kù ò ní ààbò, òun ní ààbò, ẹgbẹ̀rún ṣubú ní ẹ̀gbẹ́ òun. Ìjọ ń pariwo Halelúyà, onílù gbá a. Ìyá kan jókòó ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, tí ọmọkùnrin ẹ̀ kú nínú ọkọ̀ yẹn kan náà, ọmọ tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ mìíràn, tí òun náà ń ka Sáàmù. Ìyá yẹn dìde, ó tún gèlè ẹ̀ wé, ó jáde. Kò padà sí ìjọ yẹn títí di òní, àwọn aṣíwájú wa sì ń béèrè pé kí ló dé tó sá lẹ́yìn Ọlọ́run.

Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 12, ẹ kà á pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láì dúró. Hẹ́rọ́dù fi idà pa Jákọ́bù. Ó tún mú Pétérù, áńgẹ́lì wá ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n fún un. Ìjọ kan náà ni, oṣù kan náà bóyá. Ta ló máa sọ fún ìyá Jákọ́bù pé ọmọ ẹ̀ ò gbàdúrà tó? Ẹ wá bọ́ sí ilé wa níbí, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, Sọ́ńdè Pẹ́ńtíkọ́sì, ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n pa bí 40 èèyàn níbi tí wọ́n ti ń jọ́sìn, ọmọdé wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń wàásù pé ẹni tó bá dúró sábẹ́ ààbò kò ní í fara gbá, kó lọ wàásù ẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ ká rí i.

Nítorí náà ẹ jẹ́rìí, arábìnrin. Ẹ dúpẹ́ pé ẹ yè. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni ìdí tí ẹlòmíì ò fi yè, ẹ má sọ ọ́ lórí gbohùngbohùn.

———

Wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ lọ sórí oògùn báyìí, mo mọ̀ pé a máa débẹ̀ dandan. Bọ̀ọ̀dá kan ní "Bàbá Babalọlá ò lo oògùn, ó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run nìkan, ẹ̀yin ayé òde òní lẹ ń fi ọgbọ́n orí rọ́pò ìgbàgbọ́".

Ẹ jọ̀ọ́, CAC (Christ Apostolic Church), ìjọ tí Babalọlá jẹ́ wòlíì ẹ̀, ni wọ́n bí mi sí, ẹ má fi bàbá wa dẹ́rù bà mí. Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn yẹn bó ṣe jẹ́. Ní 1918, àjàkálẹ̀ àrùn infuléńsà dé, ó ń pa èèyàn bí ẹni pa eṣinṣin, oògùn òyìnbó ìgbà yẹn ò ràn án rárá. Àwọn kan láti ṣọ́ọ̀ṣì St Saviour's ní Ìjẹ̀bú Òde, tí Joseph Ṣadare wà nínú wọn, kóra jọ ń gbàdúrà, Sophia Ọdunlami náà tó jẹ́ tíṣà ní òun gba ìṣípayá omi òjò. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ti jáde, pé kò sí oògùn mọ́, ti òyìnbó àti ti ìbílẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló kù. Lẹ́yìn náà ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá tó ń wa katakata tí wọ́n fi ń tẹ títì gbọ́ ìpè ní 1928, tí ìsọjí Òkè-Ọ̀ọ̀yẹ̀ ní Iléṣà sì bẹ́ ní 1930. Nígbà táwọn míṣọ́nnárì ìjọ Apostolic Church dé láti Bìrìtéènì, àwọn àgbà ìjọ rí i pé wọ́n ń lo kuníìnì nítorí ibà. Ọ̀rọ̀ yẹn di ìjà gidi, kò sì tán nílẹ̀, nígbà tó fi máa di bí 1940 wọ́n ti pínyà, apá àwọn tó ní àwọn ò lo kuníìnì ló di CAC.

Mi ò ní bú wọn. Ẹni tó rí i pé dókítà gan-an ń kú nínú àjàkálẹ̀ àrùn tó wá sá lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run, ibo ni kó tún sá sí? Àwọn òyìnbó yẹn náà ò jẹ̀bi lójú tèmi, ibà ò mọ míṣọ́nnárì. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni àwa táà ń fi orúkọ àwọn bàbá yẹn halẹ̀ mọ́ ẹlòmíì. Ẹ wo iwájú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, àwọn àgbà tó jókòó síbẹ̀, ẹ yẹ àpò agbádá wọn wò, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tálákà nìkan ni wọ́n ti ń wàásù pé ká má lò ó.

Pọ́ọ̀lù tí aṣọ ara ẹ̀ ń wo aláìsàn sàn fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn. Ó ní kí Tímótì máa mu wáìnì díẹ̀ nítorí inú tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ wo Mósè Orímọládé, tó dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó ní 1925, àwọn èèyàn ń rí ìwòsàn nínú àdúrà ẹ̀, ẹsẹ̀ òun fúnra ẹ̀ ò sì yá tán títí tó fi kú ní 1933. Ó ń tiro lọ gbàdúrà fún arọ. Ṣé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé Orímọládé ò nígbàgbọ́ ni?

Ẹni tó kọ ọ́ lókè pé òun ti dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró láti January láti fi "gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run", mo bẹ̀ yín, ẹ lọ yẹ ìfúnpá yín wò lónìí. Kì í ṣe lọ́la.

———

Ẹni tó ni ìbéèrè ti padà wá, ẹ jẹ́ kí n da ohun tó kọ síbí: ẹgbẹ́ ọlọ́jà dá owó díẹ̀ fún àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn jó, pásítọ̀ wá ní kó mú owó yẹn wá gbìn ín bí irúgbìn, kó sì wá ṣe àìsùn ọjọ́ méje, pé àìṣe bẹ́ẹ̀ iná kejì ń bọ̀. Ọkọ ẹ̀ ní kó mú un lọ. Ó ní kí la rí sí i.

Arábìnrin, ẹ má mú owó yẹn lọ ibì kankan! Ẹ lọ ṣe àìsùn bó bá wù yín, àdúrà ò burú rí, ṣùgbọ́n ẹ fowó yẹn sílé. Owó àánú ni wọ́n dá fún yín, kí ẹ fi jẹun kí ẹ fi mí, tó bá jẹ́ Ọlọ́run ló ni ín, Ọlọ́run ló ti fún yín yẹn. Ẹni tó ní iná kejì ń bọ̀ tí ẹ ò bá sanwó, ẹ gbọ́ ohun tó sọ dáadáa: ó fi Ọlọ́run ṣe àgbèrò tó ń gbowó ní gáréèjì. Ẹ rọra bá bàálé yín sọ ọ́ lálẹ́, má jẹ́ kó di ìjà níwájú ọmọ, ìbẹ̀rù ló mú òun náà, ọkùnrin tí ọwọ́ aya ẹ̀ ti dín lójijì.

Ohun tó kù láti ṣe, mo bi ìyàwó mi tó jẹ́ ọlọ́jà, bó ṣe sọ ọ́ nìyí. Ẹ má dúró kí ọjọ́ ìsanwó pé kí ẹ tó lọ rí akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yín, ẹ mú àwọn onídùúró yín dání, ẹ ní kí wọ́n bá yín nà án síwájú, kí wọ́n sì dá èlé dúró bó bá ṣe é ṣe, torí ẹni tó bá sá ni wọ́n ń lé, ẹni tó bá wá, wọ́n máa ń jókòó bá a sọ̀rọ̀. Ẹ kọ gbogbo ọjà tó jó sílẹ̀ báyìí tó ṣì wà lórí yín, pẹ̀lú rìsíìtì tó bá wà lórí fóònù, kí ẹ fún ìyálọ́jà ní ẹ̀dà kan, torí bí ìrànwọ́ kan bá wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà nílẹ̀ ni wọ́n ń pè. Ẹ lọ bá àwọn tó ń kó aṣọ fún yín, ẹ tọrọ àwìn kékeré, àǹkárá olówó pọ́ọ́kú ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ gbàgbé léèsì ná. Ẹ má sì sún mọ́ àwọn olówó sọ́gùndogójì, kódà bí ebi ń pa yín. Ó ní kí n tẹ èyí mọ́ yín létí dáadáa.

Ẹni kan máa ní èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn dá a lóhùn. Ní oṣù kẹwàá 1867, ní Abẹ́òkúta, ìfọ́lé ṣẹlẹ̀, wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé míṣọ́ọ̀nù, wọ́n kó ẹrù, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n fi ń tẹ Ìwé Ìròyìn jẹ́. Àwọn Kírísítẹ́nì Ẹ̀gbá tó sá wá sí Èkó gba ilẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta, wọ́n kọ́lé, wọ́n tún kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Àdúrà wà níbẹ̀, ilẹ̀ wíwọ̀n náà sì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fowó gbìn kí wọ́n tó nílé.

———

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Lọ́ńdọ́nù, mo rí ohun tí ẹ kọ, pé ní ọ̀dọ̀ yín ìnṣọ́ráǹsì ló ń ṣe iṣẹ́ Sáàmù 91, pé ẹ̀yìn tí iná bá jó ẹ máa kọ fọ́ọ̀mù ni. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Kí àwọn ọlọ́jà wa náà ní in, ó dáa gan-an ni, ẹgbẹ́ ọlọ́jà lè jọ dá a. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní 2020 nígbà tí kòrónà ń pa èèyàn níbẹ̀ yẹn, kò sí fọ́ọ̀mù tí ẹ kọ tó fi ọkàn yín balẹ̀. Ibi tí ìnṣọ́ráǹsì ò dé ló pọ̀ jù nínú ayé èèyàn.

———

Ẹnì kan béèrè pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wá ni àǹfààní gbígbẹ́kẹ̀ lé ààbò Ọlọ́run, tó bá jẹ́ pé onígbàgbọ́ àti aláìgbàgbọ́ ni iná ń jó?

Ìyẹn gan-an ni gbọ́nmi-si-omi-ò-to gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì lè sọ ju ohun tí mo rí lọ. Ẹ lọ ka Ìṣe 27, bí ìtàn gáréèjì ló rí lójú mi. Pọ́ọ̀lù ti kìlọ̀ fún wọn kí ọkọ̀ tó ṣí pé ìrìn àjò yẹn ò dáa, ọ̀gá sójà gbọ́ ti ẹni tó ni ọkọ̀. Ìjì dé. Wọ́n da ẹrù sómi. Áńgẹ́lì wá bá Pọ́ọ̀lù lóru pé ẹ̀mí kankan ò ní í ṣòfò, ọkọ̀ nìkan ló máa lọ. Pẹ̀lú ìlérí yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, nígbà táwọn atukọ̀ fẹ́ yọ́ sá nínú ọkọ̀ kékeré, Pọ́ọ̀lù ló ké sí balógun pé táwọn yìí ò bá dúró ẹ ò lè yè. Ó ní kí wọ́n jẹun. Èèyàn 276 ló wà nínú ọkọ̀ yẹn, abọ̀rìṣà ló pọ̀ nínú wọn, gbogbo wọn ló gúnlẹ̀ sí Mẹ́lítà, ẹni tó mọ̀wẹ̀ wẹ̀, ẹni tí ò mọ̀wẹ̀ di pákó mú. Ọjà ṣòfò, ọkọ̀ fọ́, ìlérí Ọlọ́run sì ṣẹ. Wọ́n tún dé èbúté tán, paramọ́lẹ̀ so mọ́ Pọ́ọ̀lù lọ́wọ́ níbi tó ti ń fi igi sínú iná, àwọn ará ìlú ní ẹ ò rí i, apààyàn ni! Nígbà tí kò kú, wọ́n ní òrìṣà ni. Ẹnu ayé nìyẹn, méjèèjì ni wọ́n ṣì sọ.

Ohun tí mo rí nínú ẹ̀ ni pé Pọ́ọ̀lù ni ọkàn ẹ̀ balẹ̀ jù nínú ọkọ̀ yẹn, ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn ló sì jẹ́ kó ní làákàyè láti sọ ohun tó yẹ ká ṣe nígbà tí ẹ̀rù ti gba làákàyè lọ́wọ́ àwọn tó kù. Ààbò tí mo mọ̀ nìyẹn. Nígbà míì ọkọ̀ náà máa ń là á já, mo ti rí ìyẹn náà lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò sì lè ṣàlàyé ẹ̀, mo kàn máa ń dúpẹ́.

———

Arábìnrin ní ọmọ òun ìkejì ti kọ̀, kò bá wọn ka Sáàmù yẹn mọ́ lálẹ́, ó ní irọ́ ni. Ó ní ṣé kóun nà án.

Ẹ má nà án o! Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ọmọ tó ń bínú sí Ọlọ́run ṣì ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ fi 91 sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ jọ ka 13, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pé yóò ti pẹ́ tó, Olúwa, tàbí 88 tó bẹ̀rẹ̀ nínú ẹkún tó sì parí sínú òkùnkùn, kò sí halelúyà kankan nídìí ẹ̀. Á yà á lẹ́nu pé irú ẹ̀ wà nínú Bíbélì. Ẹ jẹ́ kó bi yín ní ìbéèrè, èyí tí ẹ ò bá mọ̀ kí ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ ti Ṣádírákì, Méṣákì àti Àbẹ́dínígò fún un, kì í ṣe bí wọ́n ṣe jáde nínú iná nìkan, ohun tí wọ́n sọ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ ni kí ẹ sọ, pé Ọlọ́run wa lè gbà wá, ṣùgbọ́n bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ò ní tẹrí ba fún ère yẹn. Àwọn náà ò mọ bó ṣe máa rí.

Nígbà tí ẹ bá padà sí 91, ẹ rọra kà á, kí ẹ má sáré kọjá ẹsẹ 15.

Ìyàwó mi ní kí n bi yín: ọjọ́ wo ni ìpàdé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yín? Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ fi nọ́ńbà àwọn onídùúró yín síta kí ẹ pè wọ́n lónìí, kí ẹ sì padà wá sọ ohun tí akọ̀wé wí fún wa.